Igbó Kì í Ṣe Ọtí: Ìtàn Nọ́ńbà Kan Lójú Títì

Bí ọlọ́pàá bá dá ọkọ̀ dúró ní ìlú Denver lóru ọjọ́ Sátidé, tí ẹnu awakọ̀ sì ń rùn fún ọtí, iṣẹ́ ò pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á ní kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kékeré kan, nọ́ńbà á sì jáde. Tó bá ti dé 0.08, ó ti rú òfin nìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òórùn igbó ló ń ti inú ọkọ̀ náà jáde ńkọ́? Ní ìpínlẹ̀ Colorado, igbó mímu ò lòdì sófin mọ́ fún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21. Ọlọ́pàá ò lè mú èèyàn torí pé ó mu igbó lánàá tàbí níjẹta. Ohun tó gbọ́dọ̀ mọ̀ ni bóyá igbó ṣì ń pa á lọ́wọ́lọ́wọ́, bó ṣe jókòó sídìí ọkọ̀ yẹn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú.

Àwa tí a ń fi kóòdù kíkọ jẹun fẹ́ràn ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ. Bí nọ́ńbà yìí bá dé márùn-ún, ṣe báyìí. Bí kò bá dé e, ṣe tọ̀hún. Kọ̀ǹpútà kì í bá wa jiyàn. Àmọ́ àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ. Ìtàn tí a fẹ́ sọ fún yín lónìí ni ti àwọn aṣòfin tí wọ́n kọ irú ìlà kóòdù kan bẹ́ẹ̀ sínú òfin, tí wọ́n sì wá rí i pé ara ẹ̀dá ò tẹ̀ lé kóòdù náà.

Bí ọtí ṣe di nọ́ńbà

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1897, awakọ̀ takisí kan ní London, George Smith, wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ kọlu ilé kan. Ó jẹ́wọ́ pé òun ti mutí, wọ́n sì bu owó ìtanràn ṣílè 25 fún un. Ní 1910, ìpínlẹ̀ New York ṣe òfin pé ẹni tó bá mutí yó ò gbọdọ̀ wakọ̀. Òfin dára, àmọ́ kí ni “yó” túmọ̀ sí? Òfin ò sọ. Ojú ọlọ́pàá nìkan ni òṣùwọ̀n. Ọlọ́pàá á ní ọkùnrin náà ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó ń wólòlò, òórùn ọtí gba ẹnu rẹ̀ kan. Agbẹjọ́rò á dìde, á ní ẹsẹ̀ ló ń dun oníbàárà òun, pé akólòlò ni, pé oògùn ikọ́ ló ń rùn lẹ́nu rẹ̀. Adájọ́ á wá máa wo ẹni tí òun yóò gbà gbọ́.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ló bá wọn yanjú ẹ̀. Erik Widmark ní orílẹ̀-èdè Sweden wá ọ̀nà tí wọ́n fi lè wọn ọtí nínú ẹ̀jẹ̀ kín-ń-kín tí wọ́n gbà ní orí ìka. Ní 1936, Norway di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó fi nọ́ńbà sínú òfin: 0.05. Ní Amẹ́ríkà, Rolla Harger, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Indiana University, ṣe ẹ̀rọ kan tó pè ní Drunkometer. Awakọ̀ á fẹ́ atẹ́gùn sínú bàlúùnù bíi ti ọmọdé, wọ́n á sì da atẹ́gùn náà gba inú kẹ́míkà tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń yí padà bí ọtí bá wà níbẹ̀. Ní 1939, ìpínlẹ̀ Indiana fi 0.15 sínú òfin. Ní 1954, Robert Borkenstein, tóun náà ti ṣe ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Indiana, ṣe Breathalyzer, ẹ̀rọ tó ṣeé gbé kiri, tí kò sì nílò ọ̀mọ̀wé láti lò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ nìkan ò tó. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi hàn pé nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń gbé jáde bá ewu ojú títì mu. Borkenstein náà ló ṣe é. Láàárín 1962 sí 1963, ní ìlú Grand Rapids ní Michigan, òun àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ gba èémí ẹgbẹẹgbẹ̀rún awakọ̀ tí jàǹbá ṣẹlẹ̀ sí. Wọ́n tún gba ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún mìíràn tí wọ́n ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ ní irú ibì kan náà, ní irú àkókò kan náà. Wọ́n fi méjèèjì wéra. Bí nọ́ńbà ọtí ṣe ń gòkè ni ewu jàǹbá ń gòkè, nígbà tó bá sì ti kọjá 0.08, ewu náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè. Ìyẹn ni ìpìlẹ̀. Òfin kò fa 0.08 yọ láti inú afẹ́fẹ́.

Kí ló jẹ́ kó ṣeé ṣe? Ọtí fẹ́ràn omi. Ara ẹ̀dá sì kún fún omi. Tí èèyàn bá mutí, ọtí náà á tàn ká ara rẹ̀ lọ́gbọọgba, títí dé ọpọlọ. Èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ á máa bá èémí jáde ní ìwọ̀n tó ṣeé ṣírò. Lẹ́yìn náà, ara á máa mú un kúrò díẹ̀díẹ̀, bíi 0.015 ní wákàtí kan. Nítorí náà, èémí ń sọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń sọ ohun tó wà nínú ọpọlọ. Ẹ̀rí mẹ́ta, ohùn kan.

Síbẹ̀ náà, òfin ò rọ̀ ṣọ̀ọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ní 1980, ọ̀mùtí kan wakọ̀ pa ọmọbìnrin ẹni ọdún 13 ní California. Ìyá rẹ̀, Candy Lightner, ò gbà. Ó dá ẹgbẹ́ MADD sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ìyá tó lòdì sí mímutí wakọ̀, wọ́n sì ń da àwọn aṣòfin láàmú títí ojú wọn fi là. Ọdún 2000 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó fi owó títì fúngun mọ́ gbogbo ìpínlẹ̀ láti gba 0.08. Ní 1982, àwọn tí mímutí wakọ̀ pa lé ní 20,000; ní 2019, wọ́n jẹ́ bíi 10,000. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ṣì pọ̀, àmọ́ ẹ ronú sí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá yòókù tí wọ́n délé lọ́dún kan péré.

Igbó ò bá omi rìn

Ní 1964, Raphael Mechoulam àti Yehiel Gaoni, ní Weizmann Institute ní Israel, yọ ohun tó ń pa èèyàn nínú igbó sọ́tọ̀. THC ni wọ́n ń pè é. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín THC àti ọtí ò ju pé ọtí fẹ́ràn omi, THC sì fẹ́ràn ọ̀rá. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kékeré yìí ló da gbogbo nǹkan rú.

Tí èèyàn bá fa igbó, THC inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á gòkè fíofío láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kódà kó tó jó o tán. Lẹ́yìn náà á já wálẹ̀ kíákíá, torí pé ó ń sá kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọpọlọ àti ọ̀rá ara. Láàárín wákàtí kan sí méjì, nọ́ńbà inú ẹ̀jẹ̀ lè ti kéré gan-an, nígbà tí igbó ṣì ń pa ẹni náà gidi. Tó bá wá jẹ́ pé ó jẹ ẹ́ ni, bóyá nínú kéèkì tàbí súìtì, nọ́ńbà inú ẹ̀jẹ̀ lè má ga rárá, kí igbó sì máa pa á fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Apá kejì rẹ̀ ló tún le jù. Ẹni tó ń mu igbó lójoojúmọ́, ọ̀rá ara rẹ̀ ti di àká. Bó tilẹ̀ ṣíwọ́, àká náà á máa jò díẹ̀díẹ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀. Marilyn Huestis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà fi àwọn tó ń mu igbó lójoojúmọ́ sí ibì kan tí wọn ò ti lè rí igbó mu. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013 fi hàn pé THC ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan nínú wọn lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan.

Ẹ wá fi méjèèjì sórí ìwọ̀n. Ọkùnrin kan fa igbó ní wákàtí méjì sẹ́yìn, ojú rẹ̀ ṣì ń yí, nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 3. Obìnrin kan ń lo igbó lálaalẹ́ nítorí ìrora ẹ̀yìn, ó sùn dáadáa, ó jí, ó ń gbé ọmọ lọ síléèwé, nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 6. Àpèjúwe lásán ni, àmọ́ kò sí ohun tí sáyẹ́ǹsì sọ tó takò ó. Bí òfin bá ní márùn-ún ni ààlà, ta ló máa sùn sí àgọ́ ọlọ́pàá?

Ìdìbò 2012

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kọkànlá ọdún 2012, àwọn ará Colorado àti Washington dìbò pé kí igbó di ohun tí àgbàlagbà lè rà. Àwọn alátakò ti ń pariwo pé títì á kún fún òkú. Láti fi ọkàn olùdìbò balẹ̀, àwọn tó kọ òfin Washington ti fi nọ́ńbà kan sínú rẹ̀ ṣáájú: nánógíráàmù 5 THC nínú mìlílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan gíráàmù ni nánógíráàmù kan. Ní Washington, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti dé 5 ti jẹ̀bi, ì báà wakọ̀ bí áńgẹ́lì.

Colorado jiyàn pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gbé òfin náà wá síwájú ilé aṣòfin léraléra, ó ń kú léraléra. Nígbà àríyànjiyàn náà ní 2011, oníròyìn kan tó máa ń kọ nípa igbó fún ìwé ìròyìn kan ní Denver lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tó sùn mọ́jú tí kò sì fọwọ́ kan igbó. Dókítà wò ó, ó ní kò sí ohun tó ń pa á. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní 13.5. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí àwọn aṣòfin fẹ́ pè ní ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí òfin náà kọjá ní 2013, wọ́n dẹ̀ ẹ́ díẹ̀: 5 náà ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ *lè* gbà á bí ẹ̀rí pé igbó ń pa awakọ̀, kò di dandan. Awakọ̀ láǹfààní láti sọ tẹnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ “lè” yẹn kékeré lójú, àmọ́ òun ló dúró láàárín obìnrin inú àpèjúwe wa àti ẹ̀wọ̀n.

Ìwádìí wá ń tẹ̀ lé ara wọn. Ní 2015, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò ojú títì ní Amẹ́ríkà gbé èsì tó fara jọ ti Grand Rapids jáde, láti Virginia Beach. Ọtí 0.08 sọ ewu jàǹbá di ìlọ́po mẹ́rin. Ti THC, nígbà tí wọ́n yọ ipa ọjọ́ orí, ẹ̀yà, ọtí àti bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni awakọ̀ kúrò, wọn ò rí àfikún ewu kan tó ṣeé fọwọ́ sọ̀yà. Ní 2016, AAA Foundation ní kò sí nọ́ńbà kankan tí sáyẹ́ǹsì lè fi ya ẹni tí igbó ń pa sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò pa. Ọdún yẹn kan náà, wọ́n tún ní ìdá àwọn awakọ̀ Washington tí jàǹbá apani ṣẹlẹ̀ sí tí THC wà lára wọn ti gòkè láti bíi 8 sí bíi 17 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín 2013 sí 2014.

Ẹ má kánjú mú ọ̀kan kẹ́ ẹ ju èkejì nù. Nọ́ńbà tó gòkè láti 8 sí 17 jẹ́ òótọ́, àmọ́ ó ń sọ iye ẹni tí THC *wà* lára wọn, kò sọ iye ẹni tí THC *fa* jàǹbá fún. Bẹ́ẹ̀ sì ni Virginia Beach ò sọ pé kẹ́ ẹ fa igbó kẹ́ ẹ wakọ̀. Ìwádìí inú ẹ̀rọ tó ń ṣe bí ọkọ̀ ti fi hàn lọ́pọ̀ ìgbà pé igbó ń jẹ́ kí awakọ̀ máa yà kúrò lọ́nà, kó sì pẹ́ kó tó tẹ bíréèkì. Tó bá pa á pọ̀ mọ́ ọtí, wàhálà dé. Ewu wà. Ohun tí kò sí ni òṣùwọ̀n tó mọ ibi tí ewu ti bẹ̀rẹ̀.

Ojú ọlọ́pàá, ẹjọ́ adájọ́

Nígbà tí ẹ̀rọ kọ̀ láti sọ̀rọ̀, wọ́n padà sí ojú ọlọ́pàá. Láti ọdún 1970 sí 1979, àwọn ọlọ́pàá Los Angeles ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kan fún àwọn tó máa dá oògùn mọ̀ lára awakọ̀. Ìgbésẹ̀ 12 ni: wọ́n á wo ẹyinjú, wọ́n á ka ìlùkìkì ọkàn, wọ́n á ní kó rìn lórí ìlà tààrà, kó fi ẹsẹ̀ kan dúró. Ètò náà tàn dé gbogbo Amẹ́ríkà àti Kánádà.

Ṣé ó tó? Ní 2017, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Massachusetts gbọ́ ẹjọ́ Gerhardt. Ó ní ìdánwò fífi ẹsẹ̀ kan dúró àti irú rẹ̀, ọtí ni wọ́n ṣe é fún. Sáyẹ́ǹsì ò tíì fìdí ẹ̀ múlẹ̀ fún igbó. Ọlọ́pàá lè sọ ohun tó fojú rí, àmọ́ kò lè sọ pé awakọ̀ “fìdí rẹmi” bí ẹni pé àyẹ̀wò ìjìnlẹ̀ ni, kò sì lè sọ pé igbó ń pa á. Ní Arizona, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀. Òfin ibẹ̀ lè dá èèyàn lẹ́bi torí pàǹtí igbó tó kù nínú ẹ̀jẹ̀, irú èyí tí kò lè pa ẹnikẹ́ni mọ́. Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ wọn fòpin sí i ní 2014.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ọmọ aláwọ̀ dúdú wà níbí. Níbi tí òṣùwọ̀n ò bá ti dájú, ojú ẹni tó ń wọ̀n ló ń ṣèdájọ́. Àwọn olùwádìí Stanford tí wọ́n yẹ nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ìgbà tí ọlọ́pàá dá ọkọ̀ dúró wò sọ ní 2020 pé títú inú ọkọ̀ dínkù ní Colorado àti Washington lẹ́yìn tí igbó di ohun tófin gbà. Àmọ́ awakọ̀ dúdú ṣì ń rí i jù funfun lọ. Àwọn ará wa tó wà níbẹ̀ ò nílò ìwádìí kí wọ́n tó mọ̀.

Àwa náà kò ṣàjèjì sí kí ìjọba máa wá ẹ̀rí nínú ara èèyàn. Ẹ ò gbàgbé Fela ní 1974, nígbà tí ọlọ́pàá tì í mọ́lé tí wọ́n ń dúró de ìgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n lè fi mọ̀ pé ó gbé igbó mì. Orin tó fi ṣe yẹ̀yẹ́ wọn jáde ní 1975. Ẹ̀rín ń pa wá títí dòní, àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n ń wá: bóyá igbó *gba ara rẹ̀ kọjá*. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ìyẹn ti tó ẹ̀sùn, torí igbó fúnra rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ní Colorado, ìbéèrè ti yí padà, àmọ́ irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń dáhùn rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yí.

Kánádà àti Jámánì

Kánádà fẹ́ ṣe é létòlétò. Kí igbó tó di ohun títà ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, wọ́n ti ṣe òfin ojú títì sílẹ̀ láti oṣù Kẹfà. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n lò dípò ọ̀kan. Láti 2 sí ohun tí kò tó 5, owó ìtanràn tí kò lè ju dọ́là 1,000 lọ. Láti 5 sókè, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Wọ́n tún dá òfin kẹta sílẹ̀ fún ẹni tó bá da igbó pọ̀ mọ́ ọtí. Ọlọ́pàá lè gba itọ́ awakọ̀ sínú ẹ̀rọ lẹ́bàá títì. Itọ́ máa ń fi igbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹnu kọjá hàn, èyí sì sàn ju ìtọ̀ lọ, tó lè máa sọ ìtàn ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Síbẹ̀, itọ́ náà ò mọ ohun tó ń lọ nínú ọpọlọ.

Jámánì gba igbó láyè ní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Ààlà wọn tẹ́lẹ̀ jẹ́ 1. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, wọ́n gbé e sí 3.5. Ẹ má fi wé 5 ti Colorado o, torí omi ara ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n ní Jámánì, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ lódindi. Ẹni tó ń kọ kóòdù mọ ewu ìyẹn: nọ́ńbà méjì tó jọra, tí ìwọ̀n wọn ò jọra.

Àwọn kan ti ń gba ọ̀nà mìíràn. Michael Milburn, ọ̀jọ̀gbọ́n ní University of Massachusetts Boston, ṣe áàpù kan tó pè ní Druid. Áàpù náà ò bi ẹ̀jẹ̀ léèrè. Ó ní kó o fọwọ́ kan nǹkan tó ń yọ lójú fóònù, kó o fojú dá àkókò, kó o fi ẹsẹ̀ kan dúró, á sì wo bí ọwọ́ àti ọkàn rẹ ṣe yára tó. Ìbéèrè tó tọ́ nìyẹn: ṣé ẹni yìí lè wakọ̀ báyìí? Àmọ́ òun náà ní ìṣòro tirẹ̀. Àárẹ̀, ọjọ́ ogbó àti àìsùn lè mú kí nọ́ńbà burú. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ bí o ṣe máa ń ṣe ní ọjọ́ tí ara rẹ dá, ọlọ́pàá ojú títì ò sì mọ̀ ọ́n.

Bá a bá to gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ̀kọ́ ìtàn ò ṣòro. Ti ọtí, sáyẹ́ǹsì ló ṣáájú, òfin tẹ̀ lé e, ó sì gbà wọ́n tó nǹkan bí ọgọ́ta ọdún láti ọwọ́ Norway títí di 0.08 ti gbogbo Amẹ́ríkà. Ti igbó, ìdìbò ló ṣáájú, nọ́ńbà tẹ̀ lé e, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń wá sáyẹ́ǹsì tí yóò gbé nọ́ńbà náà dúró. Láàárín kí ó tó dé, aláìṣẹ̀ ń wọ àtìmọ́lé, ẹni tí igbó ń pa gidi sì ń bọ́ lọ pẹ̀lú nọ́ńbà 3. Ìdílé ẹni tí irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ bá pa ò ní gbọ́ àlàyé nípa ọ̀rá àti omi.

Nílùú tiwa, igbó ṣì wà lábẹ́ òfin tí ìjọba ológun ṣe ní 1966, àwọn ọ̀dọ́ sì ń jiyàn lójoojúmọ́ bóyá ó yẹ kó kúrò níbẹ̀. Ẹ máa jiyàn yín lọ. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá dìde láti sọ pé kí igbó di ohun títà, ẹ bi í léèrè òṣùwọ̀n tó máa wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá lẹ́bàá títì, kẹ́ ẹ sì bi í ẹni tó dán an wò. Títí dìgbà náà, ẹni tó bá ti fa á, kó wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn relé.